Eegun inú etí tí wọ́n ń pààrọ̀: ta ló wà fún?

Láti oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ kan ti gbòde kan lórí WhatsApp. Bó bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹnìkan á tún gbé e síta bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀: dókítà ọmọ Áfíríkà kan ti fi iṣẹ́ abẹ rí ìwòsàn sí etí dídi ní South Africa, ẹ bá wa pín in kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ràn láti kékeré á ka èyí, inú rẹ̀ á dùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí iye owó ọkọ̀ òfurufú lọ sí South Africa.

Iṣẹ́ abẹ náà wáyé lóòótọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mashudu Tshifularo, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìtọ́jú etí, imú àti ọ̀fun ní Yunifásítì Pretoria nígbà náà, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe é nílé ìwòsàn Steve Biko Academic. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló ba eegun inú etí ọkùnrin tí wọ́n ṣe é fún jẹ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, èyí tó ń tẹ odindi nǹkan jáde dípò ìwé, ṣe eegun tuntun pẹ̀lú irin kan tó ń jẹ́ titanium, wọ́n sì fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Yunifásítì náà kéde pé irú rẹ̀ kò wáyé níbikíbi rí. Orí WhatsApp lọ̀rọ̀ ti wá yíwọ́, níbi tí eegun inú etí ti di etí dídi lápapọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí iṣẹ́ abẹ yìí kò lè ṣe ohunkóhun fún pọ̀ ju àwọn tó lè wúlò fún lọ dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2021 pé ó lé ní bílíọ̀nù 1.5 èèyàn láyé tí ìgbọ́ràn wọn ti dín kù dé ìwọ̀n kan, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 430 nínú wọn ni tiwọn le débi pé wọ́n nílò ìrànwọ́. Kì í ṣe eegun ló ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká wọnú etí lọ. Ihò tí à ń fi òwú nu yìí parí síbi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó nà dáadáa. Lẹ́yìn awọ yẹn, yàrá kékeré kan wà tó kún fún afẹ́fẹ́, inú rẹ̀ sì ni eegun mẹ́ta ti so kọ́ra. Ìrísí wọn ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ: òòlù, owú àti líkáfà. Òòlù lẹ̀ mọ́ awọ etí, owú wà láàárín, líkáfà sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ dí fèrèsé kan tó lọ sí etí inú lọ́hùn-ún. Líkáfà yìí ni eegun tó kéré jù lọ lára èèyàn. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Bí eegun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tóbi tó nígbà tí wọ́n bí wa náà ni wọ́n ṣe máa tóbi tó títí a ó fi darúgbó.

Lẹ́yìn fèrèsé yẹn, kò sí afẹ́fẹ́ mọ́. Omi ló wà níbẹ̀, nínú ẹ̀yà kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, inú omi yìí sì ni àwọn irun wínníwínní tó ń sọ ìró di ohun tí ọpọlọ lè gbọ́ wà. Ẹni tó bá ti mùwẹ̀ wọ abẹ́ odò rí nígbà tí àwọn tó wà lókè ń pè é mọ wàhálà tó wà níbí: ohùn tí afẹ́fẹ́ gbé wá kì í ráyè wọnú omi. Tí ohùn bá kọlu omi etí inú ní tààrà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló máa ta padà. Iṣẹ́ àwọn eegun mẹ́ta náà ni láti yanjú ìyẹn. Ibi tó ń mì lára awọ etí fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 17 ẹsẹ̀ líkáfà, nítorí náà gbogbo agbára tí awọ etí gbà ló ń rọ́ sójú kan ṣoṣo. Apá òòlù tún gùn ju ti owú lọ díẹ̀, ìyẹn náà sì ń fi kún agbára ọ̀hún. Nígbà tí ohùn bá fi máa dé ẹnu fèrèsé, ipá rẹ̀ ti di nǹkan bí ìlọ́po 22. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé eegun mẹ́ta tí gbogbo wọn lè dúró sórí èékánná kan ló ń ṣe gbogbo èyí láì sinmi.

Ọ̀nà méjì ni ìgbọ́ràn fi ń bàjẹ́, nígbà náà. Ohun kan lè dí ohùn lọ́nà kó tó dé ibi omi yẹn: awọ etí tó lu, eegun tó já, eegun tó gan. Tàbí kí ohùn dé ibẹ̀ tán, kó má rí ẹni gbà á, torí pé àwọn irun inú omi náà tàbí iṣan tó ń gbé ìró lọ sọ́pọlọ ti kú. Irú àkọ́kọ́ nìkan ni eegun tuntun lè tún ṣe.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èwo ni tẹni? Ẹ fi ìka dí etí kan, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ wá máa kùn. Etí tí ẹ dí yẹn ni ẹ máa gbọ́ ohùn náà sí jù. Ohùn tó ń gba inú eegun orí kò nílò awọ etí tàbí òòlù kankan, ó ń lọ sí etí inú tààrà, ariwo ìta kò sì ráyè wọlé bá a fà á níbi tí ọ̀nà bá dí. Ohun tí dókítà ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá lu fọ́ọ̀kì onírin ẹlẹ́nu méjì mọ́ orúnkún rẹ̀, tó sì gbé ìdí rẹ̀ lé iwájú orí aláìsàn. Bí aláìsàn bá sọ pé etí òun tí kò gbọ́ràn dáadáa ló ti ń ró jù, ọ̀nà ló dí. Bó bá sọ pé etí tó dára ló ti ń gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà ti wọnú lọ. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí torí kò sí pé iná lọ tàbí pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ohun àfibọtí gbé ìró wọlé láti inú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé ohun kan tó ń gbọ̀n lé eegun ẹ̀yìn etí. Ìlà méjì ló máa jáde lórí ìwé. Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì yìí ni gbogbo ohun tí oníṣẹ́ abẹ lè bá èèyàn gbà padà, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí eegun bá já pátápátá lẹ́yìn awọ etí tí kò lu, àlàfo náà lè tó désíbẹ́lì 60 (désíbẹ́lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó), èyí tó tó láti gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó ti èèyàn lọ. Tí ìlà méjèèjì bá wà pa pọ̀ nísàlẹ̀, kò sí nǹkan tí titanium fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní adití nìyẹn, àti fún ẹni tí yírùnyírùn, abẹ́rẹ́ gentamicin tó pọ̀ jù, ariwo jẹnẹrétọ̀ ọdún gbọọrọ tàbí ọjọ́ ogbó ba ìgbọ́ràn rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ amúgbọ́ràn ni tiwọn, tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú etí inú láti máa fi iná mànàmáná ta iṣan náà jí.

Kí ló wá ń ba eegun jẹ́? Lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, àìsàn kan wà tó ń mú kí ẹsẹ̀ líkáfà gan mọ́ fèrèsé, tí kò ní lè mì mọ́. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ọyún ni tiwa.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ọmọ á mú ọ̀fìnkìn. Ihò tóóró kan wà tó so yàrá àárín etí mọ́ ẹ̀yìn imú, òun ló máa ń ta pọ́ nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń gbéra. Lára ọmọdé, ó kúrú, ó sì tẹ́jú, nítorí náà ohun tó wà nímú kì í pẹ́ dé etí. Etí á ro ó mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì awọ etí á lu, ọyún á dà, ìrora á sì rọlẹ̀. Nítorí pé ìrora ti rọlẹ̀, ilé á gbà pé ó ti tán. Wọ́n á ní eyín ló ń hù, pé yóò dá tó bá dàgbà. Ẹnìkan á ní kí wọ́n ro àdí sí i, ẹlòmíì á mú ìyẹ́ adìẹ wá láti fi nu ún. Bí ọyún bá ń dà láti inú awọ tó lu fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí kò dá, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn.

Apá owú tó nà lọ bá líkáfà ni ọyún sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó lè gbà á lọ́pọ̀ ọdún. Ọmọ náà á ti wà ní jẹ́ẹ́sì tú kí wọ́n tó sọ pé olórí kunkun ni, pé ó máa ń kọ etí ikún sí olùkọ́.

Èyí tó burú jù ni kí awọ ara láti ìta wọ́ wọ inú yàrá náà kó sì máa hù níbẹ̀. Ó máa ń kó ìdọ̀tí jọ, ó ń rùn, kì í sì í dáwọ́ dúró: owú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, yóò jẹ líkáfà, tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ó lè jẹ eegun tó pààlà sáàárín etí àti ọpọlọ. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé etí tó ń dà tó sì ń rùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá ṣeré.

Àwọn ìyókù, ìjàǹbá ni. Ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú tó forí gbálẹ̀, eegun ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lè sán. Oríkèé tó so owú mọ́ líkáfà ló sì sábà máa ń yẹ̀ nígbà náà. Igi ìṣáná tàbí ìdérí bíírò tí èèyàn fi ń họ etí, tí ẹlòmíì wá kọlu apá rẹ̀, ti ba eegun etí jẹ́ rí. Ìfọ́tí náà lè fa awọ etí ya.

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń wá ọ̀nà dé ibi eegun yìí. Johannes Kessel ti ń gbìyànjú àti tú líkáfà tó gan láti ọdún 1878. Nígbà yẹn, kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò, kò sí awò tó lè jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn, nígbà tó sì di ọdún 1900, ìpàdé àgbáyé àwọn dókítà ní Paris bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ abẹ líkáfà. Ọ̀rọ̀ náà sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Penicillin àti máíkíróskópù iṣẹ́ abẹ tí iléeṣẹ́ Zeiss gbé jáde lọ́dún 1953 ló jí i padà. Ní Jámánì, Wullstein àti Zöllner bẹ̀rẹ̀ sí í tún awọ etí ṣe, wọ́n sì ń fi ike dípò eegun. Lọ́dún 1956 ní Memphis, ní Amẹ́ríkà, John Shea yọ líkáfà aláìsàn kan kúrò, ó fi èyí tí wọ́n fi Teflon, irú ike kan, ṣe rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún 1957, Hall àti Rytzner ní Sweden mú eegun aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n tún un tò. Titanium dé láàárín ọdún 1990 sí 2000, torí pé ó fúyẹ́, ara kì í sì í kọ̀ ọ́.

Eegun àtọwọ́dá, nígbà náà, ti wà nínú etí àwọn èèyàn ṣáájú kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ohun tí ti Pretoria fi kún un ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ eegun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde ní ìrísí tòótọ́, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń rà ní páálí kò jọ eegun rárá: ọ̀pá tín-ín-rín kan ni, tó ní orí pẹrẹsẹ. Ọgbọ́n tó tẹ́ mi lọ́rùn ni. Àmọ́ etí ẹnìkan tó gbọ́ràn kò tíì tó ẹ̀rí pé ọ̀nà yìí sàn ju ti àtijọ́. Etí púpọ̀ tí wọ́n tọpa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló lè sọ ìyẹn.

Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Wọ́n á fi oògùn kun aláìsàn lóorun, wọ́n á la ẹ̀yìn etí tàbí kí wọ́n gba inú ihò rẹ̀ wọlé, wọ́n á sì ká awọ etí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú dókítà kò ní kúrò lórí máíkíróskópù. Irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ló fi máa ti líkáfà díẹ̀, kó rí i bóyá ó ń mì. Bó bá ń mì, inú rẹ̀ á dùn. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló kù tí apá rẹ̀ ti jẹ, iṣẹ́ di méjì. Lẹ́yìn èyí ló kan owú: wọ́n lè yọ ohun tó kù lára rẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ihò sí i lábẹ́ kó lè jókòó sórí líkáfà, kí wọ́n sì fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè gba apá òòlù. Kò ná aláìsàn ní kọ́bọ̀ kan, torí ti ara rẹ̀ ni. Tí owú bá ti jẹ kọjá àtúnṣe, tàbí tí àrùn ti wọ inú rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n ń mú titanium: ọ̀pá kúkúrú fún ẹni tí líkáfà rẹ̀ ṣì wà, ọ̀pá gígùn tó máa dúró lórí ẹsẹ̀ líkáfà fún ẹni tí kò ní in mọ́.

Gígùn ọ̀pá yìí ló ń kó dókítà lọ́kàn sókè. Bó bá fi ìdá mìlímítà kan gùn jù, ó lè ti awọ etí títí tí yóò fi lu ú jáde, tàbí kó máa tẹ etí inú tí òòyì á sì máa kọ́ aláìsàn. Bó bá kúrú, á yẹ̀ ṣubú. Kò sí ìṣó níbẹ̀. Ohun rírọ̀ kan tó máa yòrò fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń ká a mọ́ títí ara á fi gbà á. Wọ́n á tún bu eegun rírọ̀ díẹ̀ lẹ́nu etí, wọ́n á fi tẹ́ sáàárín titanium àti awọ, kí irin má baà máa gún awọ. Iṣan tó ń darí ojú gba inú yàrá náà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni iṣan kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́wò fún ahọ́n; ẹlòmíì á máa gbọ́ adùn irin lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ewu pé etí náà lè kú pátápátá kéré, àmọ́ ó wà, kí dókítà sì sọ ọ́ fún èèyàn kó tó bu ọwọ́ lùwé.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jà lórí irú irin tó dára jù. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: ṣé etí náà ti gbẹ? Ṣé apá òòlù ṣì wà? Ṣé líkáfà ṣì dúró? Ṣé ihò tó lọ sẹ́yìn imú ń ṣí? Ṣé aláìsàn ń mu sìgá? Etí tó bá kógo já nínú ìwọ̀nyí, eegun tirẹ̀ tí wọ́n tún gbẹ́ lè jẹ́ kó gbọ́ràn dáadáa. Èyí tí kò bá kógo já, ẹ tẹ irin tó wù yín, yóò ti í jáde. Ìdí rèé tí wọ́n fi máa ń pín iṣẹ́ abẹ sọ́nà méjì fún ẹni tí awọ ara ti hù sínú etí rẹ̀: lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n á kó ìdọ̀tí náà kúrò, wọ́n á dí awọ etí, ó lè tó oṣù 6 sí ọdún kan kí wọ́n tó padà wọlé láti wò ó bóyá ó ti mọ́, kí wọ́n tó gbé eegun sí i.

Lójú tèmi, ohun tó yẹ kó máa gbòde kan lórí WhatsApp nìyẹn. Ọmọ tí ọyún ń dà létí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìkòròdú kò nílò Pretoria. Ó nílò ẹni tó máa fọ etí náà mọ́, tó máa fún un ní oògùn tó yẹ, tó sì máa yẹ inú rẹ̀ wò kí owú tó jẹ tán. UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn OAU n'Ífẹ̀ àti ti Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Ní Kàdúná, odindi ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan wà fún etí nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá eegun ara ẹni tàbí eegun rírọ̀ ẹnu etí lè ṣe é kí ẹ tó máa dáwó irin òkè òkun.

Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe é fún kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi wọ etí, kò gbọdọ̀ fọn imú, bó bá sì fẹ́ sín, kó la ẹnu sílẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú di ìgbà tí dókítà bá yọ̀ǹda. Kó má retí pé òun máa gbọ́ràn lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì. Ohun tí wọ́n fi ká eegun mọ́ kò tíì yòrò. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dúró kí wọ́n tó tún ìdánwò ìgbọ́ràn ṣe, tí àlàfo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá sì ti wọ abẹ́ désíbẹ́lì 20, wọ́n kà á sí àṣeyọrí.

Àwọn kan wà tí etí wọn kì í gbẹ, bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ tó. Ẹ̀rọ amúgbọ́ràn tí wọ́n ń kì bọ ihò etí kò dára fún wọn, torí pé ó ń dí ihò pa, ọyún á sì máa pọ̀ sí i. Fún irú wọn, ẹ̀rọ kan wà tó ń gba inú eegun orí gbé ohùn lọ sí etí inú láì kan ihò etí rárá. Gothenburg ní Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín sí eegun ẹ̀yìn etí lọ́dún 1977. Ó ṣeé so mọ́ bẹ́líìtì orí fún ọmọdé láìsí pé wọ́n fi abẹ kàn án, ihò etí á sì wà ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ lè máa wọ ibẹ̀.